Ènìyàn, adìyẹ, ewúrẹ́: kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa ẹsẹ̀ méjì?

Tíṣà Òṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Basic Science ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2. Egungun ara la wà lórí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ọmọbìnrin kan fi nawọ́ sókè. Ó ní, "Tíṣà, kí ló dé tí èmi àti adìyẹ ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ṣùgbọ́n tí ewúrẹ́ wa nílé kàn lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró já ewé jẹ, tí kò lè fi rìn?" Kí n tó lanu, ọmọkùnrin kan ti ní ọ̀bọ náà ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, òun rí i lórí fóònù. Ẹlòmíì ní orúnkún adìyẹ yí sẹ́yìn, tiwa yí síwájú, pé a ò lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ariwo bá gba kíláàsì. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n lọ wádìí.

Ìwé tí a ń lò kò sọ ju ìlà bíi méjì lọ lórí ẹ̀. Kò sí àwòkọ́ṣe egungun nílé ẹ̀kọ́ wa, kò sí ẹ̀rọ tí a fi ń gbé àwòrán sára ògiri. Ìṣẹ́jú 40 ni mo ní, àwọn ọmọ sì lé ní 50. Ohun tí wọ́n lè fojú rí, tí wọ́n lè fi ara wọn dán wò ni mò ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn, ìlera tàbí ìtàn ayé ìgbàanì, ẹ má dá mi dá a.

Ìyá Aládìyẹ (Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn, òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Ẹ wo adìyẹ tó bá fẹ́ lúgọ sórí ẹyin, ẹ̀yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká sí. Bí Ọlọ́run ṣe dá tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ kàn sọ fún wọn pé apá ló gba ipò ọwọ́ lára ẹyẹ, ìdí nìyẹn tó fi ku ẹsẹ̀ méjì.

Dókítà Ẹran (Ọjọ́ Ajé, 9:22 alẹ́)

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ti apá yẹn dáa, ṣùgbọ́n ti orúnkún, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe kí tíṣà má baà gbé e lọ fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ń ká sẹ́yìn lára adìyẹ kì í ṣe orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún rẹ̀ wà lókè, ó sún mọ́ ikùn, ìyẹ́ ló bò ó mọ́lẹ̀. Iwájú ló sì ń ká sí, gẹ́gẹ́ bíi tiwa.

Tíṣà, ẹ ní kí aládìyẹ bá yín gé ẹsẹ̀ adìyẹ kan láti ìdí títí dé èékánná, kó má gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè: ibi tí ẹran ti nípọn jù lára láàpù, itan nìyẹn. Oríkèé tí ọ̀bẹ máa ń gbà kọjá tí wọ́n bá fẹ́ pín láàpù sí méjì, orúnkún nìyẹn. Èyí tí àwọn ọmọ máa ń dì mú jẹ, ojúgun ni. Ibi tí ẹran ti tán tí awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìpẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ rèé. Ọ̀pá gbọọrọ onípẹ̀ẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn, egungun inú àtẹ́lẹsẹ̀ ni, wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo. Ìka nìkan ló wá ń tẹ ilẹ̀. Adìyẹ kì í fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀ rárá tó bá ń rìn, orí ìka ló ń gbé ayé rẹ̀.

Kí gbogbo kíláàsì wá dìde. Kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí wọ́n ká orúnkún dáadáa, kí wọ́n tẹ àyà síwájú. Bí adìyẹ ṣe ń dúró láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Itan wọn á ti máa gbọ̀n kẹ́ ẹ tó ka ogún.

Ìdí tí itan adìyẹ fi nà sílẹ̀ gbalaja bẹ́ẹ̀ ni pé iwájú ló wúwo sí. Àyà rẹ̀ ló tóbi, ìrù rẹ̀ kò ju ìyẹ́ lásán lọ, nítorí náà orúnkún ní láti bọ́ síwájú kí ẹsẹ̀ lè wà lábẹ́ ibi tó wúwo. Àwọn baba ńlá ẹyẹ, ìyẹn àwọn dáínósọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ní ìrù ńlá tó ń fa ìwúwo sẹ́yìn. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí kan ní Chile so ìrù àtọwọ́dá mọ́ ìdí òròmọdìyẹ, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Nígbà tí wọ́n gbó, itan wọn dúró ṣánṣán ju ti adìyẹ yòókù lọ, láti ìbàdí ni wọ́n sì ti ń gbé ẹsẹ̀, kì í ṣe láti orúnkún nìkan. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 200 ọdún tí ìran yìí ti ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Ẹnu àìpẹ́ ni tiwa tí a bá fi wé tiwọn.

Màá padà wá sórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Wọ́n ń pè mí síbi màlúù tó ń rọbí.

Physio Ìbàdàn (Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́)

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ àti àwọn tí egungun wọn kán bí wọn yóò ṣe tún rìn. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ohun méjì tí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Àkọ́kọ́: kí ọmọ kan dúró ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí èjìká ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fara kan ògiri gbádígbádí. Kó wá gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, kó má sì yẹ̀. Kò ní ṣe é ṣe, bó ti wù kó lágbára tó. Ìdí ni pé kéèyàn tó lè fi ẹsẹ̀ kan dúró, ara gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sún díẹ̀ sórí ẹsẹ̀ yẹn. Ògiri kò jẹ́ kó sún. Gbogbo ìgbà tí a bá gbẹ́sẹ̀ là ń ṣe é, a kì í kàn mọ̀ ni.

Èkejì: kí wọ́n kúrò lára ògiri, kí oníkálukú fi ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀, níbi tí bẹ́líìtì máa ń gbà, kí wọ́n sún un wálẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan. Wọ́n á rí i pé iṣan ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó dúró le gan-an lábẹ́ ọwọ́ wọn. Iṣan yìí ló ń di ìbàdí mú kó má ṣubú síhà ẹsẹ̀ tó wà lókè. Mo máa ń rí aláìsàn tí iṣan yìí ti kú fún: ìbàdí rẹ̀ á rọ̀ síhà kan, á máa fi èjìká gbá ara rẹ̀ sódì kejì kó lè rí ẹsẹ̀ gbé.

Egungun ìbàdí wa kúrú, ó fẹ̀, ó sì ká wá sí ẹ̀gbẹ́ bí igbá tí wọ́n gbé ìfun sí. Ti ìnàkí (chimpanzee) ga, ó pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn ló kọjú sí. Iṣan kan náà wà lára ìnàkí, ṣùgbọ́n nítorí ibi tí egungun rẹ̀ wà, ńṣe ló ń fa itan sẹ́yìn, kì í di ìbàdí mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdáhùn gan-an nìyẹn, Tíṣà. Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń rìn. Ìbàdí, ọ̀pá ẹ̀yìn, orí, gbogbo wọn ló ti yí padà nítorí ẹ̀.

Ìyá Àbíyè (Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó mọ̀ nípa ìrìn ti wà níbí. Ọmọ mi ọkùnrin pé oṣù 14, kò tíì rìn. Ó ń rá, ó ń di àga mú dìde, ó ń gba ara ògiri lọ, ṣùgbọ́n tí mo bá fi í sílẹ̀ láàárín ilé, á jókòó. Ọmọ àbúrò ọkọ mi tí wọ́n jọ bí lóṣù kan náà ti ń sáré. Ìyá ọkọ mi ní kí n ra wọ́kà fún un. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀.

Ọlá Mushin (Ọjọ́ Ajé, 10:38 alẹ́)

Ẹ ra wọ́kà náà jàre. Gbogbo ọmọ mi ló lò ó. Inú ẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ti mókun.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Ọjọ́ Ajé, 11:02 alẹ́)

Ìyá Àbíyè, ẹ fọkàn balẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti tọ ipa ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn le ní Ghana, India, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Àwọn tó yá jù lára wọn dá rìn ní nǹkan bí oṣù 8, àwọn tó pẹ́ jù dá rìn ní oṣù 17 àti ààbọ̀. Àárín gbùngbùn ni oṣù 12. Ọmọ yín ṣì wà láàárín. Èyí tó ń gba ara ògiri lọ ti fẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tí yóò mú kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láì dúró ni: tó bá ń wọ́ ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le gbagidi tàbí tó rọ jọwọlọ, tó bá ti ń dúró tẹ́lẹ̀ tí kò lè dúró mọ́, tàbí tó bá pé oṣù 18 tí kò tíì gbẹ́sẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlá, mi ò fara mọ́ ti wọ́kà. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tètè rìn. Ara ọmọ kì í kọ́ bó ṣe máa dúró déédé nínú ẹ̀, nítorí wọ́kà ló gbé e dúró, orí ìka ló sì máa ń tì í káàkiri. Ìjàǹbá ibẹ̀ tún pọ̀: àtẹ̀gùn, iná, omi gbígbóná. Canada ti fòfin dè é láti 2004, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á níbẹ̀.

Ọlá Mushin (Ọjọ́ Ajé, 11:10 alẹ́)

Nọ́ọ̀sì, tiwa kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀bú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:03 àárọ̀)

Ọmọ mi, ẹ tẹ́tí sí nọ́ọ̀sì. Láyé tiwa, tí a bá wẹ ọmọ tán, a ó fi àdí tàbí òróró ra á lẹ́sẹ̀, a ó na apá, a ó na itan, a ó gbé e dúró lórí itan wa kó máa fi ẹsẹ̀ ti ara sókè. Tó bá ti lágbára, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dì í lọ́wọ́ méjèèjì, á máa pè é, "tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́." A ò mọ wọ́kà kankan.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Leeds (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 àárọ̀)

Ohun tí Ìyá Àgbà sọ yẹn, wọ́n ti fi ìwádìí gbè é lẹ́sẹ̀. Olùwádìí kan, Charles Super, wo àwọn ọmọ ẹ̀yà Kipsigis ní Kenya ní nǹkan bí ọdún 1976. Àwọn ìyá níbẹ̀ ń dìídì kọ́ ọmọ ní jíjókòó àti rírìn, wọ́n tiẹ̀ máa ń gbẹ́ kòtò kékeré sílẹ̀ kí ọmọ lè jókòó sínú ẹ̀. Àwọn ọmọ náà tètè jókòó, wọ́n tètè rìn ju ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá wọn kò kọ́ wọn, bíi rírá, wọn kò fi yá ju ẹlòmíì lọ.

Ẹ̀kọ́ nípa egungun àwọn ènìyàn àtijọ́ ni mò ń kà níbí, nítorí náà Tíṣà, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ìtàn rẹ̀.

Ní 1974, Donald Johanson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí egungun obìnrin kan ní Hadar, ní Ethiopia. Lucy ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti tó mílíọ̀nù 3.2 ọdún. Kò ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, ọpọlọ rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa. Ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ kúrú, ó fẹ̀, itan rẹ̀ sì dagun wọ inú níbi orúnkún gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn.

Lẹ́yìn èyí ni ti Laetoli, ní Tanzania. Òkè kan bú, eérú rẹ̀ bo ilẹ̀, òjò rọ̀ sí i lórí. Àwọn kan gba orí ẹ̀ kọjá nígbà tó ṣì tutù, ó gbẹ, eérú mìíràn bò ó. Ní 1978 ni ẹgbẹ́ olùwádìí Mary Leakey rí ipa ẹsẹ̀ wọn. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 3.6 ọdún. Kò sí ipa ọwọ́ kankan níbẹ̀. Gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlẹ̀ jinlẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sì tò pẹ̀lú ìka yòókù, kò yà sọ́tọ̀. Ẹ lè ṣe èyí fún àwọn ọmọ: ẹ bu omi sí iyanrìn àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, kí ẹni méjì rìn lórí ẹ̀, kí gbogbo wọn wo ibi tó wọlẹ̀ jù.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà. Tipẹ́tipẹ́ kí orí tó tóbi, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ òkúta ṣe ọ̀bẹ, a ti ń rìn lóòró. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà kan rò pé ọpọlọ ló máa ṣáájú.

Ewé Ọ̀dàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:12 àárọ̀)

Èyí tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni pé igbó gbẹ di ọ̀dàn, ni wọ́n bá dìde kí wọ́n lè máa wo òréré lórí koríko, kí kìnnìún má baà ká wọn mọ́. Ẹ fi ìyẹn kọ́ wọn, Tíṣà, ó rọrùn.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Leeds (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán)

Ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ kò dúró mọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà yẹn. Ní 2009, wọ́n gbé egungun mìíràn tí wọ́n ń pè ní Ardi jáde, Ethiopia náà ni, mílíọ̀nù 4.4 ọdún. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sọ́tọ̀, ó fi ń di ẹ̀ka igi mú. Síbẹ̀ ìbàdí rẹ̀ ní àmì pé ó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn tó bá wà nílẹ̀. Ibi tó gbé, igi wà níbẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ọ̀dàn gbalasa. Nítorí náà ó dà bí ẹni pé inú igbó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Pé ó ṣànfààní nígbà tí ọ̀dàn dé, mi ò jiyàn ìyẹn.

Atọpasẹ̀ Gashaka (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:50 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti bá àwọn olùwádìí tọ ipa ìnàkí rí nínú igbó Gashaka-Gumti, ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ọmọkùnrin tó rí ọ̀bọ lórí fóònù yẹn kò purọ́, ṣùgbọ́n dídìde yàtọ̀ sí rírìn.

Tí ìnàkí bá ń lọ nílẹ̀, ó máa ń ká ìka ọwọ́ rẹ̀ wọnú, ẹ̀yìn ìka ló fi ń tẹlẹ̀. Apá rẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ sí ìdí. Tó bá dìde, kì í pẹ́. Orúnkún rẹ̀ kì í nà tán, ìbàdí rẹ̀ náà kì í nà tán, ó máa ń fì sọ́tùn-ún sósì bí ẹni gbé ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra wọn. Mo rí ìyá kan tó fi ọwọ́ kan gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, tó fi èkejì di èso mú, tó sáré bẹ́ẹ̀ wọ abẹ́ igbó. Ó fi èso náà sílẹ̀ kó tó gun igi.

Ìyẹn ni mo fi gbà pé ẹrù ló kọ́kọ́ gbé wa dìde. Ní Bossou, ní Guinea, wọ́n kó èkùrọ́ sílẹ̀ fún àwọn ìnàkí, wọ́n tún kó irú èso mìíràn tí kò sí ládùúgbò wọn síbẹ̀. Tí èyí tó ṣọ̀wọ́n yẹn bá wà níbẹ̀, wọ́n á kó o sọ́wọ́, sẹ́nu, wọ́n á dìde sórí ẹsẹ̀ méjì, wọ́n á gbé e sá lọ. Bí wọ́n ṣe ń jí ìbẹ́pẹ nínú oko àwọn ará ibẹ̀ náà nìyẹn.

Alàgbà Ìjọ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 alẹ́)

Tíṣà, mo bẹ̀ yín, àwọn òbí kan kò ní fẹ́ kí ẹ sọ fún ọmọ wọn pé ara ìnàkí la ti jáde. Ọlọ́run dá ènìyàn lóòró, ó sì dá ẹranko ní ìdọ̀bálẹ̀. Ó tó.

Tíṣà Òṣogbo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 alẹ́)

Alàgbà, mo gbọ́ yín, ẹ ṣé. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n egungun tí wọ́n rí, mo gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n rí i, ibi tí wọ́n ti rí i, àti bó ṣe pẹ́ tó. Ọmọ náà béèrè tọkàntọkàn, kò yẹ kí n fi ìdajì ìdáhùn lé e lọ. Dókítà, ẹ ò tíì sọ ti ewúrẹ́ o.

Dókítà Ẹran (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́)

Màlúù ti bímọ, akọ ni.

Ewúrẹ́ tó dìde ti ara igi, ẹ wò ó dáadáa: ọwọ́ iwájú rẹ̀ wà lára ẹ̀ka, tàbí kó ṣe bíi pé ó fẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ gún gbọọrọ, kò tẹ̀ wọlé níbi ìbàdí bíi tiwa, nítorí náà orí, ọrùn àti àyà rẹ̀ ń fà á síwájú ní gbogbo ìgbà. Ìdí rẹ̀ kò ní ẹran tó lè dá ara dúró lóòró. Pátákò kékeré méjèèjì tó fi tẹlẹ̀ náà kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọbìnrin yẹn. Ní 1942, Slijper, onímọ̀ nípa ẹranko ní Netherlands, kọ nípa ewúrẹ́ kan tí wọ́n bí láì ní ẹsẹ̀ iwájú tó ṣe é lò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń fò kiri. Nǹkan bí ọdún kan ló gbé láyé. Nígbà tó kú tí wọ́n là á, wọ́n rí i pé egungun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ àti àyà rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ yòókù, iṣan rẹ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ ibòmíì. Ewúrẹ́ lásán ló bí i. Bó ṣe ń lo ara rẹ̀ ló tún egungun rẹ̀ ṣe.

Physio Ìbàdàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:11 alẹ́)

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa, Dókítà. Wọn kì í bí ọmọ pẹ̀lú itan tó dagun wọ inú. Ìrìn ló ń dá a. Ọmọ tí kò rìn rí láyé rẹ̀ kì í ní i. Ìtẹ̀wọlé ìbàdí náà, ìgbà tó bá ń jókòó tó ń dúró ló túbọ̀ ń yọ. Ìyá Àbíyè, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ yín bá pẹlẹbẹ, ẹ má dààmú nítorí ìyẹn náà. Bó ṣe ń rí lára ọmọdé nìyẹn, ó máa ń ká sókè bó bá ń dàgbà.

Ọmọ Bódìjà (Ọjọ́rú, 1:20 ọ̀sán)

Ẹrù lẹ pè é, ẹ̀gbọ́n Gashaka. Ẹ wá wo àwọn ìyá tó ń ru ẹrù lọ́jà wa. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lérí, ó pọn ọmọ, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọrùn kò yẹ̀. Tí ẹ bá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í fò, kì í ta gìrì, ilẹ̀ ló ń fà sún mọ́ra.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Leeds (Ọjọ́rú, 3:05 ọ̀sán)

Wọ́n wọn èyí ní Kenya lára àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1986. Ẹrù tí kò ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara wọn lọ, wọ́n ń rù ú láì jẹ́ pé agbára tí wọ́n ń ná pọ̀ sí i. Bí ara wa bá ń rìn, a máa ń gòkè díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ tó dúró, a ó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí èkejì. Agbára ìsọ̀kalẹ̀ yẹn la fi ń gòkè padà. Àwọn obìnrin náà mọ bí wọn kì í ṣe é fi ṣòfò nígbà tí wọ́n bá ru ẹrù.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí (Ọjọ́rú, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má fi ìyẹn mú ẹrù wúwo rọrùn fún àwọn ọmọ o. Àwọn mìíràn wò ó lára àwọn obìnrin ní South Africa ní 2010, wọn kò rí i pé ó rí bẹ́ẹ̀ lára gbogbo wọn. Àwọn kan ń ná agbára gan-an. Ọrùn àti ẹ̀yìn tó ń ro àwọn alárù, èmi ni mò ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Leeds (Ọjọ́rú, 7:00 alẹ́)

Òótọ́ ni, mo gbà. Èyí tí kò sí àríyànjiyàn lórí ẹ̀ ni ti ìrìn lásán. Ní 2007, wọ́n gbé ìnàkí márùn-ún àti ènìyàn sórí ẹ̀rọ ìrìn, wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí. Agbára tí ènìyàn ná kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìnàkí lọ. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n fi ẹsẹ̀ wa ṣe, kì í ṣe eré. Ní ti eré, ògòǹgò máa ń sá tó kìlómítà 70 ní wákàtí kan, ìka méjì péré ló sì ní lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Usain Bolt, níbi tí eré rẹ̀ ti le jù ní Berlin ní 2009, kò pé kìlómítà 45.

Tíṣà Òṣogbo (Ọjọ́ Ẹtì, 4:18 ìrọ̀lẹ́)

A ti ṣe é o. Ògiri ló gbà wọ́n lọ́kàn jù, wọn ò fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀, títí kan àwọn tó máa ń sùn ní kíláàsì. Mo fi ẹsẹ̀ adìyẹ sórí tábìlì, mo ní kí wọ́n fi ìka tọ́ orúnkún, ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ gbogbo wọn ló tọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Iṣẹ́jú tó kù kò tó fún ipa ẹsẹ̀ inú iyanrìn, a ó ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè tuntun ti délẹ̀: kangaróò ńkọ́? Ṣé ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni?

Dókítà Ẹran (Ọjọ́ Ẹtì, 8:55 alẹ́)

Tó bá ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi ń fò lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan gígùn tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń nà tó ń sún kì, tó ń tì í sókè padà. Ṣùgbọ́n tó bá ń jẹ koríko jẹ́jẹ́, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì àti ìrù tẹlẹ̀, kó tó fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì síwájú. Ní 2014, wọ́n wọn agbára tí ìrù náà ń lò, wọ́n rí i pé ó ń ti ara lọ síwájú gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ gidi.

Atọpasẹ̀ Gashaka (Ọjọ́ Ẹtì, 9:30 alẹ́)

Ẹ fi akika kún un, Tíṣà, ẹran onípẹ̀ẹ́ tó ń jẹ èèrà àti ikán. Irú èyí tó ń gbé ilẹ̀ ní ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì ló fi ń rìn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Á ká ọwọ́ iwájú mọ́ àyà, á na ìrù ńlá rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà ṣubú síwájú. Ó nílò èékánná ọwọ́ rẹ̀ fún títú ilé ikán, kò sì fẹ́ kí ó jẹ nílẹ̀. Tiwa ní ìhín, orí igi ló pọ̀ jù sí.

Ìyá Àbíyè (Ọjọ́ Ẹtì, 10:02 alẹ́)

Nọ́ọ̀sì, kò tíì rìn, ṣùgbọ́n ó fi àga sílẹ̀ lónìí, ó dá dúró pẹ́ díẹ̀ kó tó jókòó. Ṣé kí n máa wọ bàtà fún un nínú ilé?

Physio Ìbàdàn (Ọjọ́ Ẹtì, 10:20 alẹ́)

Rárá, Ìyá Àbíyè. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò sì sí ohun tó lè gún un, ẹ jẹ́ kó wà láìwọ bàtà, kí ìka rẹ̀ lè máa di ilẹ̀ mú. Tó bá máa jáde síta, bàtà rírọ̀ tí kò fún un ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún un.